Òdodo inú Ojúlé Mọ́kànlélọ́gọ́rin

Ní agbègbè Kado ní Àbújá, níbi tí àwọn ilé gbígbé ti ń di ọ́fíìsì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí pátákó àwọn agbẹjọ́rò àti ti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú sì ń dúró lẹ́nu géètì tí ó jẹ́ pé aṣọ ọmọdé ni wọ́n ń sá sẹ́yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wákàtí kan wà lọ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń jẹun nídìí iṣẹ́ akọ̀wé mọ̀ dáadáa. Oúnjẹ ọ̀sán ti wọlé, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ kò tíì gbóhùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá ó ń lọ, lẹ́tà tí a kọ sí ọ̀gá láti àná ṣì wà lórí tábìlì ọ̀gá, ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì ti lọ sí ìpàdé. Wákàtí yìí ni orí máa ń tẹ̀ ba lórí fóònù káàkiri inú yàrá, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń ka ìròyìn tàbí tí ó ń wo àwòrán ìgbéyàwó ẹlòmíràn. Àwọn kan wà nínú wọn tí ó jẹ́ pé nọ́ńbà ni wọ́n ń tò, èmi tí mo ń kọ̀wé yìí sì wà lára wọn.

Ọ̀rọ̀ eré títo nọ́ńbà lórí fóònù yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tí ń wàásù fún wa. Àwọn kan ní ọwọ́ tí ó dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́, pé ẹni tí ó bá ń gba owó oṣù tí ó sì ń fi àkókò olówó ṣeré, olè ni níwájú Ọlọ́run, bí ọlọ́pàá kò tilẹ̀ mú un. Àwọn mìíràn ní ọpọlọ a máa fẹ́ ìsinmi, pé ìṣẹ́jú díẹ̀ kò ba nǹkan jẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n lójú mi, ẹjọ́ ẹni tí wọn kò bi léèrè ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń dá. Kí a tó mọ̀ bóyá ẹ̀bi ni tàbí àre, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tí ọkàn ń wá lọ síbẹ̀, nítorí pé bí ọkàn bá ń sá lọ sí ibì kan lójoojúmọ́, ní wákàtí kan náà, láìsí ẹni tí ó rán an, tí kò sì sí owó níbẹ̀, a jẹ́ pé ó ní ohun tí ó ń rí jẹ níbẹ̀ tí kò rí jẹ nílé. (Èmi kò ka àwọn tí ń wá nọ́ńbà tẹ́tẹ́ Baba Ìjẹ̀bú mọ́ èyí, owó ni tiwọn, ẹjọ́ wọn sì yàtọ̀.)

Sudoku ni ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn eré náà. Ojúlé 81 ni ó ní, mẹ́sàn-án ní ìbú, mẹ́sàn-án ní òòró, a sì pín gbogbo rẹ̀ sí agbolé mẹ́sàn-án; nọ́ńbà 1 títí dé 9 ni yóò wọ inú wọn, kò sì gbọdọ̀ sí nọ́ńbà tí yóò fara hàn lẹ́ẹ̀mejì lórí ìlà kan náà tàbí nínú agbolé kan náà. Howard Garns, ará Indiana ní Amẹ́ríkà, ayàwòrán-ilé tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ó gbé e jáde nínú ìwé-eré kan ní 1979. Ilé-iṣẹ́ Nikoli ti Maki Kaji gbé e dé Japan ní 1984, ibẹ̀ ni ó sì ti gba orúkọ tí a ń pè é. Wayne Gould, ọmọ New Zealand tí ó ṣe adájọ́ ní Hong Kong kí ó tó fẹ̀yìn tì, ni ó kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ń pèsè rẹ̀, tí ó sì mú un dé inú ìwé-ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 12, oṣù kọkànlá, ọdún 2004. Garns ti kú ní 1989, kò rí i bí ohun tí ó gbìn ti bo ayé. Ó wú mi lórí púpọ̀ pé ayàwòrán-ilé ni ó dá a sílẹ̀, adájọ́ ni ó sì tàn án ká, nítorí pé iṣẹ́ ti èkíní ni kí ohun gbogbo wà ní àyè rẹ̀, iṣẹ́ ti èkejì sì ni kí ẹjọ́ ní ìdájọ́ kan pàtó.

Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni pé iṣẹ́ ni àwọn tí ń to nọ́ńbà ní ọ́fíìsì ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀lẹ ni wọ́n, oorun ni wọn ì bá máa sùn. Ẹni tí ó pòṣé nígbà tí wọ́n ní kí ó tún ìṣirò owó kan yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì ni ó ń yẹ ojúlé 81 wò ní àyẹ̀túnyẹ̀ fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní í dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn baba wa ní a kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba kí á làágùn, àwọn tí kò wo ìdí ọ̀rọ̀ sì rò pé ìmẹ́lẹ́ ni òwe náà ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó pa òwe yìí ni ó ń kọ ebè láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí oòrùn fi ń wọ̀, òógùn kò bà wọ́n lẹ́rù. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ẹni, tí a kò mọ ibi tí èrè rẹ̀ ń gbà lọ, kò tọ́ sí òógùn ẹni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Ekeh, tí ó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Ìbàdàn, tú ọ̀ràn náà wò nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó di ìlú-mọ̀ọ́ká ní 1975: ó ní láti ìgbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn ti dé ni ọmọ Áfíríkà ti ń gbé inú àwùjọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, èkíní ti ẹbí àti ìlú ẹni, níbi tí ẹ̀rí-ọkàn wà tí ojú sì ń tini, èkejì ti ìjọba, níbi tí ènìyàn ti lè mú láìfi nǹkan kan dípò, tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò sì ní í bú u. Àbújá ni ìlú tí àwùjọ kejì yìí kọ́ fún ara rẹ̀. Òfin oṣù kejì, ọdún 1976 ni ó dá a sílẹ̀; ọjọ́ 12, oṣù kejìlá, ọdún 1991 ni ìjọba kó wá láti Èkó. Àwọn Gbagyi tí wọ́n ni ilẹ̀ ṣì wà ní Kado Kuchi nítòsí wa, ṣùgbọ́n àlejò ni púpọ̀ nínú àwa tí a kún ọ́fíìsì. Ilé wa wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó wà ní Ìlọrin, ó wà ní Owerri, ọkàn wa sì máa ń bá ọkọ̀ ọjọ́ Ẹtì lọ kí ara tó tẹ̀ lé e.

Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá ń rí nínú ojúlé wọ̀nyí tí ó tọ́ sí òógùn rẹ̀? Mo ti ro ó títí, èrò mi sì ni pé òdodo ni. Níta, ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òtítọ́ sì dé ọjà ó kùtà. Ẹni tí ó yege nínú ìdánwò ìgbéga lè dúró lójú kan títí irun rẹ̀ yóò fi funfun, nígbà tí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó mọ ọ̀gá ń gun àkàsọ̀ lọ. Fáìlì tí ìwé rẹ̀ pé pérépéré lè sùn títí ọdún yóò fi yí, èyí tí kò pé a sì dé ibi tí ó ń lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ní 2005, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Felgenhauer àti Jarvis, ka iye ọ̀nà tí a lè gbà kún ojúlé 81 náà, wọ́n sì rí 6,670,903,752,021,072,936,960. Nínú ọ̀pọ̀ yanturu yìí, ọ̀kan ṣoṣo ni ó bá àwọn nọ́ńbà díẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fún ọ mu. McGuire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dublin sì fi kọ̀ǹpútà fi hàn ní 2012 pé bí àwọn nọ́ńbà àkọ́fún náà kò bá tó 17, ìdáhùn kò lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó ṣètò rẹ̀ ti fi ohun gbogbo tí o nílò sí ọ lọ́wọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìwé tí wọ́n fi pa mọ́ fún ọ, kò sí ẹni tí wọn yóò ní kí o lọ rí. Nọ́ńbà 7 kò ní ìbátan ní ilé ìjọba. Nọ́ńbà 4 kò lè fún ẹnikẹ́ni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kí ó tó jókòó sí àyè tí ó jẹ́ tirẹ̀. Àṣegbé kan kò sí níbẹ̀, àṣepamọ́ ni ó wà, nítorí pé nọ́ńbà tí o fi agídí tì bọ àyè tí kì í ṣe tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò jáde sí gbangba bí ó bá pẹ́ bí ó bá yá. Ẹ̀dá tí ó ń lo ọjọ́ rẹ̀ níbi tí iṣẹ́ àti èrè kò ti mọ ara wọn, ẹ jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí kò bá fẹ́ràn irú ibi bẹ́ẹ̀! Ebi òdodo ni ebi yìí, Ẹlẹ́dàá, Ọba àwámárìdí, ni ó fi í sí wa nínú, kò sì sí wàhálà òṣèlú kankan tí ó tíì lè pa á kú nínú ẹni tí ó kéré jù lọ nínú wa.

Lórí bóyá ẹ̀bi ni kí ọkàn máa sá kúrò nídìí iṣẹ́, àwọn ẹlẹ́sìn ìgbàanì dáhùn apá kan ọ̀ràn wa. Nínú àkójọ hadith tí Imam Muslim ṣe, a gbọ́ pé Hanzala, ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé Ànábì Muhammad, pàdé Abu Bakr lọ́nà, ó sì ké pé òun ti di alágàbàgebè, nítorí pé bí òun bá wà lọ́dọ̀ Ànábì, òun a máa rí ọgbà-ìdẹ̀ra àti iná bí ẹni pé ojú kòrókòró ni òun fi ń wò wọ́n, ṣùgbọ́n bí òun bá ti dé ilé, aya, ọmọ àti làálàá ayé a gba gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́kàn òun. Abu Bakr ní bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún òun. Nígbà tí wọ́n dé iwájú Ànábì, kò bá wọn wí. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé wákàtí kan wà fún èyí, wákàtí kan sì wà fún ìyẹn. Cassian, ọkùnrin ilé àdágbé Kristẹni kan tí ó kọ̀wé ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, sọ ti Àpọ́sítélì Johanu tí ọlọ́fà kan bá níbi tí ó ti ń fọwọ́ pa àparò lára, tí ẹnu sì yà á pé ẹni ńlá bẹ́ẹ̀ ń fi ẹyẹ ṣeré. Johanu bi í pé kí ló dé tí kò fi ọrun rẹ̀ sílẹ̀ ní fífà nígbà gbogbo. Ọlọ́fà náà ní bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ yóò tán. Mo fẹ́ràn ìtàn méjèèjì. Síbẹ̀, àparò Johanu kò jọ eré tiwa, nítorí pé ẹni tí ń fọwọ́ pa ẹyẹ lára ti dẹ ọrun rẹ̀, ẹni tí ń to Sudoku sì kàn gbé ọrun mìíràn ni, ó sì tún fà á le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Baba rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ owó-orí ní Rouen, làálàá ìṣirò rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà, tí kò tíì pé ogún ọdún, fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ ìṣirò fún un ní 1642. Ẹni tí ó gbìyànjú láti gba akọ̀wé sílẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ńbà yìí kan náà ni ó padà wá sọ pé gbogbo òṣì ènìyàn ti ọ̀dọ̀ ohun kan wá, pé kò lè dá jókòó jẹ́ẹ́ nínú yàrá. Lójú tirẹ̀, ikú àti àìjámọ́-nǹkan wa ni a ń sá fún. Èmi kò rò pé ikú ni àwọn ará ọ́fíìsì wa ń sá fún. Ojoojúmọ́ ni a ń sọ̀rọ̀ ikú ní ilẹ̀ wa, a sì ń sin òkú wa pẹ̀lú ìlù. Àìṣòdodo tí a ń jẹun nínú rẹ̀ ni a kò fẹ́ jókòó tì ní jẹ́ẹ́.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní títo nọ́ńbà sínú ojúlé. Ní 1732, ọ̀mọ̀wé Fúlàní kan láti ilẹ̀ Katsina, Muhammad ibn Muhammad al-Kishnawi, tí ó mọ ìràwọ̀ tí ó sì mọ ìṣirò, kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá lórí bí a ti í to nọ́ńbà, mẹ́ta sí mẹ́ta, márùn-ún sí márùn-ún, méje sí méje, tí ìlà gbogbo, ní ìbú, ní òòró àti láti igun dé igun, yóò fi jẹ́ iye kan náà. Cairo ni ó kú sí ní 1741. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn, ti mẹ́ta sí mẹ́ta, 15 ni ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń jẹ́. Àwọn àlùfáà ilẹ̀ wa mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú tírà. Nọ́ńbà kì í ṣe ibi ìsápamọ́ fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ó lọ sọ́dọ̀ Ẹni tí ó to ayé ni.

Àwa Yorùbá náà sì ní tiwa, níbẹ̀ gan-an ni mo sì ti rí ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú òdodo orí fóònù. Ayò ọlọ́pọ́n ní ilé 12 àti ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò rẹ̀ kò kéré rárá, nítorí pé ọ̀ta gbọ́dọ̀ mọ iye ọmọ tí ó wà nínú ilé ẹnìkejì láìfọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè bá òfìfo ta ayò. Ẹnìkan ń bẹ níwájú rẹ, ó ń wo ojú rẹ, ó ń pè ọ́ ní ọ̀pẹ, àwọn òǹwòran ń pariwo lé ọ lórí. Bí o bá ṣi ọwọ́ gbé, ẹnìkan ni yóò jẹ èrè àṣìṣe rẹ, bí o bá sì mọ̀ ọ́n ta, o ní láti mọ bí a ti í borí ẹni tí a óò jọ jẹun lálẹ́. Ti Ifá tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Onígbàgbọ́ ni mí, èmi kì í dá Ifá, ṣùgbọ́n ojú mi kò fọ́ sí ọgbọ́n àwọn baba mi. Babaláwo a máa fi ọwọ́ gbá ikin 16. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, a tẹ méjì lórí ìyẹ̀rosùn, bí méjì bá ṣẹ́kù, a tẹ ẹyọ kan, títí ọ̀kan nínú odù 256 yóò fi yọ. Fún Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí-ìpín, akéré-finú-ṣọgbọ́n, yíyọ odù kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn odù ni ẹsẹ, lẹ́yìn ẹsẹ ni ẹbọ, ẹni tí ó bá sì gbọ́ tí kò rú, kò sàn ju ẹni tí kò tilẹ̀ béèrè lọ. Ìmọ̀ tí nọ́ńbà mú wá di gbèsè sí ẹni tí ó béèrè lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí ojúlé 81 bá kún tán, fóònù yóò kọ orin kékeré kan, yóò kí ọ kú oríire, kò sì ní í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ.

Èyí ni mo rò pé ó yẹ kí ó máa dun àwọn oníwàásù tí ń bá wa wí, ju ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú tí a fi ṣòfò lọ. Ojú tí kò lè fara da 5 méjì lórí ìlà kan, ojú kan náà ni ó ń rí orúkọ ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé owó-oṣù tí ó sì ń kọjá lọ. Ìjọba àpapọ̀ ní láti gbé ètò ìsanwó-oṣù IPPIS kalẹ̀ ní 2007, kí kọ̀ǹpútà lè máa wá orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí kò sí láyé àti ti àwọn tí ń gba owó ẹ̀ẹ̀mejì, ohun tí akọ̀wé kan tí ó mọ Sudoku ì bá fi ọ̀sán kan tú jáde. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe sùúrù fún akọ̀wé náà. Ó mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó bá la ẹnu. Wọn yóò gbé e lọ sí ibi tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ọmọ rẹ̀ yóò fi ilé-ìwé sílẹ̀ láàárín sáà, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò sì bi í pé ta ni ó rán an níṣẹ́. Òdodo tí ó ń ṣe nínú fóònù ni òdodo kan ṣoṣo tí agbára rẹ̀ ká.

Alhaja kan wà níbi iṣẹ́ wa, àgbà tí ó ju mí lọ ní ọjọ́ orí àti ní ipò, tí òun náà máa ń to nọ́ńbà tirẹ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mo sọ èrò mi yìí fún un, pé ebi òdodo ni ó ń pa wá.

"Òdodo wo?" ni ó bi mí. "Bí o bá fi 6 sí àyè 9, ṣé ó máa ń dárí jì ọ́? Gbogbo ohun tí o ti kọ́ ni wàá wó. Èmi ò lè gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ká má fojú fo àṣìṣe, mà."

"Ọmọ tó sọ lẹ́tà nù níjọ́sí, tí ọ̀gá fẹ́ lé lọ, ta ló bẹ̀bẹ̀ fún un?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ṣé òdodo ni mo ṣe, àbí ojúsàájú?"

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ohun tí ó fi hàn mí ni pé ihò kan náà ni àánú àti àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ń gbà wọ ọ́fíìsì: ibi tí òfin ti lè tẹ̀ díẹ̀ nítorí ènìyàn. Sudoku ti dí ihò náà pa pátápátá, ìdí nìyẹn tí ìwà ìbàjẹ́ kò fi lè wọ ibẹ̀, ìdí kan náà sì nìyẹn tí kò fi sí ìdáríjì níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń pe Ọlọ́run ní Onídàájọ́ àti Aláàánú nínú àdúrà kan náà, nínú ẹ̀sìn Alhaja àti nínú tèmi. Nígbà tí mo padà rí Alhaja, mo sọ fún un pé mo rò pé mo ti rí ìyàtọ̀: àbẹ̀tẹ́lẹ̀ a máa gba ti ẹlòmíràn fún ẹni tí ó sanwó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣàánú ni ó ń ti ara rẹ̀ san án. Mo rán an létí pé òun ni ó jókòó di alẹ́ tí ó tún ìwé tí ó sọnù náà kọ láti orí ìrántí, pé ẹbọ rẹ̀ nìyẹn.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ó dáa," ni ó wí. "Bàbá tó ń retí lẹ́tà yẹn láti fi gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ńkọ́? Oṣù tó fi dúró, ta ló bá a san án?"

A ti sọ ọ́ síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà. N kò tíì rí èsì tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, n kò sì tíì rí èyí tí ó tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn.